Ìlú Mainz àti Ìwé Bàbá Mi

 Mo fẹ́ sọ fún yín nípa ìlú kan tí mo rí ní Jámánì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti bàbá mi.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyá wa ń ṣàìsàn. Bàbá mi yá owó lọ́wọ́ ọkùnrin kan láti fi tọ́jú rẹ̀. Ọkùnrin náà mú ìwé kan wá, ó ní ìwé gbèsè ni. Bàbá mi kò mọ ìwé kà. Ó ti àtàǹpàkò bọ tàdáwà, ó tẹ̀ka. Lẹ́yìn ọdún méjì, ó kó owó náà lọ láti san án. Ọkùnrin náà kò gbà á. Ó ní bàbá mi ti ta oko ọ̀pẹ wa fún òun. Báyìí ni oko náà ṣe lọ. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ́ àwọn àgbà ní ìwé kíkà.

Ní ọdún 2019, mo lọ kí àbúrò mi tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Jámánì. Ẹ̀yin ará Tógò mọ orúkọ Jámánì dáadáa, nítorí àwọn ni wọ́n jọba lé Tógò lórí láti 1884 títí di 1914. Ìlú tí àbúrò mi wà ń jẹ́ Mainz. Ẹ pè é báyìí: Má-ìn-sì. Àwọn ará Faransé ń pè é ní Mayence. Kì í ṣe ìlú ńlá bí Èkó, kì í sì í ṣe abúlé. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lé ní 200 000, ìyẹn ọ̀kẹ́ mẹ́wàá. Ó wà létí odò ńlá Rhine, níbi tí odò Main ti ń wọ inú rẹ̀. Ó ti lé ní 2 000 ọdún tí àwọn ọmọ ogun Róòmù ti tẹ̀ ẹ́ dó.

Ní àárín ìlú, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan wà tí wọ́n fi òkúta pupa kọ́. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Willigis ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1009, nígbà tí wọ́n fẹ́ yà á sí mímọ́, iná jó o. Wọn kò fi í sílẹ̀. Wọ́n tún un kọ́. Wọ́n ń ná ọjà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo rí àwọn ìyá tó pàtẹ ẹ̀fọ́, àlùbọ́sà àti ẹyin, ọkàn mi sì lọ sí ọjà wa.

Ogun náà ti jà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 1945, ọkọ̀ òfúrufú àwọn Gẹ̀ẹ́sì ju bọ́ǹbù sí ìlú náà. Àwọn tó kú tó 1 200. Púpọ̀ nínú ilé àárín ìlú di àlàpà. Ṣọ́ọ̀ṣì Stefani Mímọ́ náà bàjẹ́. Lẹ́yìn tí wọ́n tún un kọ́, wọ́n bẹ ayàwòrán kan, Marc Chagall, pé kí ó ṣe dígí fèrèsé rẹ̀. Júù ni. Àwọn Násì tó jọba ní Jámánì nígbà ogun ti pa Júù bíi mílíọ̀nù mẹ́fà. Òun fúnra rẹ̀ sá lọ sí Amẹ́ríkà. Síbẹ̀ ó gbà. Ó ti pé ẹni ọdún 91 nígbà tí wọ́n fi dígí àkọ́kọ́ síbẹ̀ ní 1978. Fèrèsé mẹ́sàn-án ni ó ṣe kí ó tó kú ní 1985. Bí oòrùn bá ràn, inú ilé náà á dà bí omi aró. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ẹ ti dàgbà jù láti di gègé mú, ẹ rántí bàbá arúgbó yìí.

Ṣùgbọ́n ẹni tí mo tìtorí rẹ̀ fẹ́ rí Mainz ni Johannes Gutenberg, ọmọ bíbí ibẹ̀. Ṣáájú rẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi ń da ọ̀pọ̀ ìwé kọ ní Yúróòpù. Ìwé ṣọ̀wọ́n, ó sì wọ́n. Àwọn ará Ṣáínà àti Kòríà ti ń fi lẹ́tà tí a lè tò, tí a lè tú, tẹ ìwé. Gutenberg wá ọgbọ́n tirẹ̀. Ó da òjé yíyọ́ sínú ohun tí a gbẹ́ àmì lẹ́tà sí. Bí ó bá tutù, lẹ́tà kan ti jáde. Ó tò wọ́n di ọ̀rọ̀, ó fi tàdáwà pa wọ́n, ó gbé tákàdá lé wọn, ó fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́ tán, ó lè tú wọn, kí ó tò wọ́n di ọ̀rọ̀ mìíràn, bí ẹ ti ń to lẹ́tà ní kíláàsì wa. Ní nǹkan bí ọdún 1455, ó parí Bíbélì tó tó 180.

Ilé kan wà ní Mainz tí wọ́n ń pa nǹkan wọ̀nyí mọ́ sí. Láti 1900 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀. Mo rí Bíbélì náà níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan fi lẹ́tà òjé kan sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Ó kéré, ó wúwo, ó sì kọjú sódì.

Gutenberg kò jẹ èrè iṣẹ́ rẹ̀ púpọ̀. Ó yá owó wúrà 800 lọ́wọ́ ọkùnrin kan, Johann Fust. Fust tún fi 800 sí i. Ní 1455, Fust pè é lẹ́jọ́. Ó ní owó náà pẹ̀lú èlé ti di 2 026. Lẹ́yìn ẹjọ́ náà, Fust ni ó ń tẹ ìwé, pẹ̀lú ẹni tó ti bá Gutenberg ṣiṣẹ́. Ìwé ẹjọ́ náà ṣì wà ní ìlú Göttingen. Ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀ ni ọjọ́ 6 oṣù kọkànlá ọdún 1455.

Nígbà tí mo padà dé, mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún bàbá mi. Ó dákẹ́ títí. Ó wá ní: «Ẹni tó da lẹ́tà yìí, ṣé ó mọ̀wé?»

Mo ní: «Ó mọ̀wé, bàbá.»

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní: «Wọ́n sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí wá ni èrè ìwé?»

N kò rí èsì fọ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ bá a. Mo ní: «Bàbá, ó ti lé ní 560 ọdún tí wọ́n ti ṣe ẹjọ́ Gutenberg. Síbẹ̀ mo mọ iye tó yá, mo mọ iye tí wọ́n ní ó jẹ. Òun náà mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ náà, ó sì lè bá wọn jiyàn. Oko ọ̀pẹ wa ńkọ́? Kí ni ó wà nínú ìwé tí ẹ tẹ̀ka sí?»

Bàbá mi wo àtàǹpàkò rẹ̀. Ó ní: «N kò mọ̀. Títí di òní, n kò mọ̀.»

Ní alẹ́ ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, ó wá jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì. Ó ti ń kọ orúkọ rẹ̀ báyìí. Ó ń ka ìlà kan dé òpin, bó tilẹ̀ ń falẹ̀. Oko wa kò padà. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìwé wá fún un, á ní: «Dúró ná, jẹ́ kí n kà á.»

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má ṣe tẹ̀ka sí ìwé tí ẹ kò tíì kà. Bí ó bá le fún yín, ẹ gbé e wá sí kíláàsì. A óò jọ kà á.