Ohun Tí Mo Rí Kọ́ Nídìí Ẹ̀kọ́ Kọ̀ǹpútà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, "Ayé ń lọ, à ń tọ̀ ọ́." Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí. Ní ayé àwọn baba ńlá wa, àrokò ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ sí ara wọn. Nígbà tí ìwé dé, kálàmù àti yíǹkì ni a fi ń kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dé, tí àwọn akọ̀wé ń tẹ̀ ní ọ́fíìsì, tí à ń gbọ́ ìró rẹ̀ láti òde. Lóde òní, kọ̀ǹpútà ti gba ipò gbogbo wọn. Ọ̀rẹ́ mi tí o ń ka ìwé yìí nítorí ìdánwò tí ó ń bọ̀, èmi náà ti jókòó sí ibi tí o jókòó sí yìí rí. Mo fẹ́ sọ fún ọ bí mo ṣe kọ́ kọ̀ǹpútà, pàápàá jù lọ bí mo ṣe kọ́ lílo PowerPoint, èyí tí a fi ń gbé ọ̀rọ̀ àti àwòrán jáde lójú àwùjọ. Mo sì fẹ́ sọ èrò ọkàn mi nípa rẹ̀, kí o lè mú èyí tí ó bá wúlò fún ọ níbẹ̀.

Ìhà àríwá Ìpínlẹ̀ Èkìtì ni wọ́n ti bí mi, ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Ìkọ̀lé. Àgbẹ̀ ni baba mi. Gàrí ni ìyá mi ń yan tà. Nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, ojú pátákó ni a ti mọ kọ̀ǹpútà. Olùkọ́ wa fi ṣọ́ọ̀kì yà á, ó kọ orúkọ ẹ̀yà ara rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí i lára, a sì há gbogbo rẹ̀ sórí. Bí o bá jí mi lóru nígbà náà, mo lè sọ ìtumọ̀ kọ̀ǹpútà fún ọ láìṣi ọ̀rọ̀ kan pè, ṣùgbọ́n n kò mọ bí a ṣe ń tan án. N kò dá olùkọ́ wa lẹ́bi, nítorí ohun tí ó ní lọ́wọ́ ni ó fi kọ́ wa. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ya odò fún lójú pátákó, ǹjẹ́ ó lè tìtorí bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n wẹ̀?

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré mọ́ fún ẹni tí ó fẹ́ ṣe ìdánwò. Ní ọdún 2013 ni àjọ JAMB bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò àṣewọlé sí Yunifásítì. Nígbà tí ó fi di ọdún 2015, kò sí ẹni tí ó tún ń fi pẹ́ńsùlù ṣe é mọ́. Ìbéèrè 180 ni, wákàtí méjì péré ni wọ́n sì fún ọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ abúlé ni ó jẹ́ pé ọjọ́ ìdánwò náà gan-an ni ọwọ́ wọn kọ́kọ́ kan kọ̀ǹpútà. Nítorí irú wọn ni àjọ náà ṣe ṣètò pé bọ́tìnnì mẹ́jọ péré tó láti ṣe é: A, B, C àti D fún ìdáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn, S láti fi iṣẹ́ sílẹ̀, R láti yí ìpinnu náà padà. Àjọ WAEC náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, àwọn tí ń dá ṣe ìdánwò wọn ní Nàìjíríà ka ìbéèrè lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n sì kọ ìdáhùn àròkọ sínú ìwé. Ṣé ìwọ náà rí i pé ẹni tí ó bá ní òun kò nílò kọ̀ǹpútà, ara rẹ̀ ni ó ń tàn?

Agbègbè wa náà ti yí padà. Ní ọdún 2011, ìjọba àpapọ̀ dá Yunifásítì mẹ́sàn-án sílẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì bọ́ sí Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Ó ní ọgbà kejì ní Ìkọ̀lé, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Ìdó ní ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà. Níbi tí ọmọ ilé-ìwé bá ti pọ̀, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ ìwé kì í jìnnà síbẹ̀. Nígbà tí èmi náà wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ ni mo ń gbé iṣẹ́ mi lọ. Iye ojú ewé ni a fi ń sanwó. Bí ẹni tí ń bá mi tẹ̀ ẹ́ bá fo ìlà kan, tàbí tí ó bá ṣi ọ̀rọ̀ kan kọ, èmi ni olùkọ́ yóò gba máàkì lọ́wọ́ rẹ̀. Owó gàrí ìyá mi ni mo sì fi ń san gbogbo rẹ̀. Ìgbà tí mo ro ọ̀rọ̀ náà síwá, tí mo rò ó sẹ́yìn, ni mo pinnu pé n óo fi ọwọ́ ara mi tẹ̀ ẹ́.

Kọ̀ǹpútà alágbèéká ti ọ̀rẹ́ mi kan ni mo fi kọ́ ọ. Wákàtí kan ni ó ń yá mi lójúmọ́. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, ó ní kí n di eku mú. Mo wò yíká ilẹ̀, ẹ̀rín sì pa á. Ohun kékeré tí a fi ọwọ́ dì mú, tí ń darí ọfà lójú kọ̀ǹpútà, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀! Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ọfà náà ń sá kiri bí eku gidi. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ọ̀sẹ̀ kan kí n tó rí lẹ́tà tí mo ń wá láìṣe pé mo fi ojú wá a káàkiri. Ṣùgbọ́n díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Kí oṣù kan tó pé, mo ti ń tẹ ojú ewé kan tán kí wákàtí mi tó tán.

Ohun kan wà tí ó yà mí lẹ́nu ní àkókò yẹn. Mo tẹ orúkọ mi, Fadékẹ́mi. Kọ̀ǹpútà fa ìlà pupa sí abẹ́ rẹ̀. Mo tẹ orúkọ baba mi. Ó tún fà á. Mo tẹ Ìkọ̀lé, mo tẹ Ayédé, mo tẹ Ìtàpá. Gbogbo wọn ni ó fa ìlà pupa sí lábẹ́, bí ìgbà tí olùkọ́ bá rí àṣìkọ. Inú mi kò dùn. Ọ̀rẹ́ mi wá ṣàlàyé fún mi pé kì í ṣe pé orúkọ náà burú. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ ju ọ̀rọ̀ tí wọ́n kó sínú rẹ̀ lọ. Ó fi hàn mí bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ tuntun kún un, ìlà pupa náà sì pòórá. Ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní nìyí tí mo fẹ́ kí o fi sọ́kàn: bí àlejò kò bá mọ orúkọ wa, a kì í tìtorí rẹ̀ pa orúkọ dà; ńṣe ni a ń kọ́ ọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ àmì ohùn. Ìwọ tí o ń múra ìdánwò Yorùbá mọ̀ pé ọkọ́ tí a fi ń roko yàtọ̀ sí ọkọ̀ tí à ń wọ̀, àti pé ọ̀kọ̀ tí a fi ń jagun yàtọ̀ sí ọkọ tí ó fẹ́ ìyàwó. Bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà tí a ń rà lọ́jà kò ní àmì wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Yorùbá kò káwọ́ gbera. Dókítà Túndé Adégbọlá àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn, àti Kọ́lá Túbọ̀sún tí ó dá àkójọ orúkọ Yorùbá sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọdún 2015, wà lára àwọn tí ó ti ṣiṣẹ́ kí a lè máa tẹ èdè wa bí ó ti yẹ. Nítorí náà, má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé kọ̀ǹpútà kò gba Yorùbá.

Nísinsìnyí, jẹ́ kí n wá sórí PowerPoint. Robert Gaskins àti Dennis Austin, ará Amẹ́ríkà, ni wọ́n ṣe é, ó sì jáde ní oṣù kẹrin ọdún 1987. Nígbà náà, ojú ewé dúdú àti funfun ni ó ń ṣe, tí a ó tẹ̀ sórí ike tí ojú ń là kọjá, kí a tó fi iná gbé e sára ògiri. Nínú ọdún yẹn kan náà ni ilé-iṣẹ́ Microsoft fi mílíọ̀nù mẹ́rìnlá dọ́là ra ilé-iṣẹ́ wọn. Lónìí, ó ní àwọ̀ oríṣiríṣi. Lẹ́tà lè fò wọlé láti ọ̀tún, kí ó yí bìrí, kí ó sì jáde ní òsì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Mo ti rí ẹni tí ó to ọ̀rọ̀ sí ojú ewé kan bí ìgbà tí a to iṣu sínú abà, tí ó kọ ẹ̀yìn sí wa, tí ó sì ń ka ara ògiri láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí ó parí, kò sí ẹni tí ó lè sọ ohun tí ó wí.

Má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2003, ọkọ̀ òfurufú Columbia gbéra láti Amẹ́ríkà lọ sí ojú sánmà. Bí ó ti ń gòkè, ègé fóòmù kan já, ó sì gbá apá òsì rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì fi PowerPoint ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọ̀gá. Ọ̀rọ̀ tí ó ṣe pàtàkì jù, pé ègé náà tóbi lọ́pọ̀lọpọ̀ ju èyí tí wọ́n fi ṣe àyẹ̀wò tẹ́lẹ̀ lọ, wà ní ìsàlẹ̀ ojú ewé nínú lẹ́tà wínníwínní. Àkọlé tí ó wà lókè kò sì dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kejì, bí ọkọ̀ náà ti ń padà bọ̀, ó fọ́ sójú sánmà, àwọn méjèèje tí ó wà nínú rẹ̀ sì kú. N kò sọ pé PowerPoint ni ó pa wọ́n. Ihò tí fóòmù náà dá sí apá ọkọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ tí ó wádìí rẹ̀ sọ ọ́ gbangba pé kò dára bí wọ́n ṣe ń fi irú ojú ewé bẹ́ẹ̀ rọ́pò àlàyé kíkún. Ọ̀rọ̀ tí ó lè gba ẹ̀mí là kò yẹ ní ẹni tí a ń fi pamọ́ sí ẹsẹ̀ ìwé.

Nígbà tí ó kàn mí láti sọ̀rọ̀ níwájú kíláàsì wa, gàrí ṣíṣe ni mo mú. N kò kọ́kọ́ tan kọ̀ǹpútà. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mo kọ́kọ́ lọ. Mo jókòó tì í nídìí agbada. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ ṣe ń fi òkúta tẹ̀ ẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan?" Ó ní, "Ọmọ mi, bí omi rẹ̀ kò bá gbẹ, tí kò sì kan, kì í ṣe gàrí, ó lè ṣe ènìyàn léṣe." Òótọ́ ni. Ẹ̀gẹ́ tútù ní májèlé nínú. Rírin ín, kíkan án, fífún omi rẹ̀ dànù àti yíyan án ni ó ń dín májèlé náà kù. Mo ya àwòrán ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ojú ewé márùn-ún péré ni mo ṣe: àwòrán kan àti gbólóhùn kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ májèlé ni mo fi lẹ́tà tí ó tóbi jù lọ kọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, mo pe àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì láti wá gbọ́ mi. Bí mo ti dé ojú ewé kejì ni iná lọ, bátìrì kọ̀ǹpútà náà sì ti gbó. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Fadékẹ́mi, máa sọ ọ́ lọ. Ṣebí gàrí ìyá rẹ ni." Mo sì sọ ọ́ dé òpin nínú òkùnkùn. Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí mo parí, olùkọ́ kan bi mí léèrè bí a ṣe ń mọ̀ pé omi ẹ̀gẹ́ náà ti gbẹ tó. Ìdáhùn rẹ̀ kò sí lórí ojú ewé kankan. Mo dáhùn pé a ó bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, a ó fún un. Bí kò bá rin ọwọ́, tí ó sì rún wẹ́wẹ́, ó ti tó yan. Olùkọ́ náà mi orí. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mo ti rí ìdáhùn yẹn.

Nítorí náà, ọ̀rẹ́ mi, gba ìmọ̀ràn mẹ́rin yìí. Èkíní, wá kọ̀ǹpútà gidi fi ọwọ́ kàn kí ọjọ́ ìdánwò tó pé, ì báà ṣe ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀. Ìwé nìkan kò lè kọ́ ìka. Èkejì, kọ kókó ọ̀rọ̀ rẹ sínú ìwé kí o tó tan ẹ̀rọ, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe ìlapa èrò fún àròkọ. Ẹ̀kẹta, fi ọ̀rọ̀ tí ó ṣe pàtàkì jù sí ibi tí ojú yóò kọ́kọ́ bà, kí o sì kọjú sí àwọn ènìyàn, má kọjú sí ògiri. Ẹ̀kẹrin, fi iṣẹ́ rẹ pamọ́ sí ibi méjì, nítorí ẹ̀rọ lè kú nígbàkígbà.

Ní ìparí, o mọ̀ pé a kì í fi iyán ṣeré ní ilẹ̀ Èkìtì. Odó dára, ọmọ odó dára. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí iṣu, kí ni a fẹ́ gún? Odó ni kọ̀ǹpútà. Ẹ̀kọ́ rẹ, ìrírí rẹ àti ohun tí àwọn òbí rẹ mọ̀ ni iṣu. Kọ́ bí a ṣe ń lo odó náà dáadáa, kí o má baà máa yá ọwọ́ ẹlòmíràn gúnyán. Ṣùgbọ́n tètè gbin iṣu rẹ.