Orin Arò fún Ìyá Alágbàdo

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìbéèrè tí ẹ ti ń bi mí láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà yìí. Kí ni mò ń fi ewì mẹ́ta inú ìwé wa ṣe tí mo fi ń gbé wọn kiri bí ẹni gbé ìwé ẹ̀rí? Orin ni mò ń fi wọ́n ṣe. Kì í ṣe orin ijó, kì í ṣe orin ìyìn, kì í ṣe èyí tí a máa fi kí àwọn ọ̀gá káàbọ̀ lọ́jọ́ àpèjẹ. Orin akọrin àti ọ̀kẹ́sítírà ni, apá mẹ́ta, tó dúdú láti òkè dé ilẹ̀. Ẹnì kan nínú yín ti ní àbí fíìmù Nollywood ni mo fẹ́ fi tì lẹ́yìn ni. Rárá o. Ẹ fara balẹ̀.

Ẹ ó rántí àwọn ewì náà. Àkọ́kọ́ dá lórí Ibafo lóru: tírélà bà jẹ́ sójú títì, kò sí iná, awakọ̀ já ewé, ó tẹ́ ẹ sẹ́yìn ọkọ̀ kí ewé máa kìlọ̀ fún ẹni tó ń bọ̀. Èkejì wà ní Mowe. Ìyá kan tó ń sun àgbàdo létí márosẹ̀ ló dá lé, tí ọkọ̀ gbá ní ìrọ̀lẹ́ níbi tó ti fẹ́ sọdá lọ ra èédú. Ẹ̀kẹta wà ní Ifọ̀, ẹnì kan dúró létí ojú irin, ó ń retí ẹni tí kò bọ̀ mọ́. Akéwì mẹ́ta ló kọ wọ́n, wọn ò bá ara wọn sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ tò wọ́n tẹ̀ léra kí ẹ tún wọn kà, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ: ẹni tó jáde nílé tí kò padà.

Àwa tí à ń gbé apá ibẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń wí. Ọdún 1978 ni wọ́n ṣí márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, kìlómítà bíi 127, ó sì gba Ibafo àti Mowe kọjá. Lónìí ilé wà lọ́tùn-ún, ọjà wà lósì, ọkọ̀ tó ń sáré wà láàárín. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe ní 2013. Ọ̀nà tó dán sì ni ọkọ̀ ti ń sáré jù. Ifọ̀ ní tirẹ̀, rélùwéè la fi mọ̀ ọ́n. Ojú irin tó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta gba ibẹ̀ kọjá, ibẹ̀ náà ni ẹ̀ka tó lọ sí Ìdógò ti ya.

Ọmọ ìyá alágbàdo yẹn wà nínú akọrin wa. Tẹ́nọ̀ ni. Kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ wa, kò sì mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kọ ewì nípa ìyá òun títí ẹnì kan fi fún un ní ẹ̀dà fọ́tókọ́pì. Ó kà á, ó ká a, ó kì í bọ àpò. Odindi ọ̀sẹ̀ méjì, kò sọ nǹkan kan. Ìgbà tó wá sọ̀rọ̀, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ kọ ọ́. Ṣùgbọ́n kó yéni o. Mo ti ń kọrin nínú akọrin tipẹ́, mo mọ bí wọ́n ṣe máa ń fi ohùn bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Tí ẹ bá máa dárúkọ màámi tí èèyàn ò ní gbọ́ ọ ní Àṣàkẹ́, ẹ kúkú yọ orúkọ yẹn kúrò."

Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ yìí ló ń darí gbogbo ohun tí mò ń ṣe.

Ẹni tó bá rò pé ó rọrùn, kó jókòó sídìí kíbọ́ọ̀dù kó gbìyànjú. Àṣàkẹ́: ohùn ìsàlẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀, ohùn òkè. Ó parí. Yorùbá ti kọ orin sínú orúkọ náà kí olórin tó dé. Ṣùgbọ́n akọrin ẹlẹ́nu mẹ́rin tí a jogún lọ́wọ́ ìjọ Gẹ̀ẹ́sì kì í rìn bẹ́ẹ̀. Àṣà rẹ̀ ni pé bí tírébù bá ń gòkè, ó dára kí báàsì máa sọ̀kalẹ̀. Ó dùn létí, mi ò jiyàn. Àmọ́ ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rọ̀. Tírébù kọ "ọkọ̀", ohùn já wálẹ̀, ó dára. Báàsì gbé tirẹ̀ sókè ní àsìkò kan náà, ó di "ọkọ́". Átò dúró sójú kan, ó di "ọkọ". Tírébù ní ọkọ̀ ló pa ìyá, báàsì ní ọkọ́ ni, átò ní ọkọ rẹ̀ ló pa á. Òkú kan, ẹjọ́ mẹ́ta! A ò tíì dé orí ọ̀kọ̀ tí jagunjagun ń jù.

Àwọn àgbà ti rí i ṣáájú wa. T. K. E. Phillips, tó tẹ dùùrù fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Kàtídírà Krístì ní Èkó, kọ ìwé lórí orin Yorùbá ní 1953, ó sì jà fún un pé kí orin ìsìn wa máa tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀ wa. Fẹlá Ṣówándé kọ Folk Symphony fún òmìnira Nàìjíríà ní 1960. Ọ̀kẹ́sítírà nìkan ló lò, kò sí ọ̀rọ̀ tí ohùn lè bà jẹ́. Ọgbọ́n wà níbẹ̀ o jàre.

Ẹni tí mo pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ jù ni Akin Euba. Wọ́n bí i ní Èkó ní 1935, ó sì di olóògbé ní 2020. London ló ti kẹ́kọ̀ọ́ orin òyìnbó, ṣùgbọ́n dùndún ló fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Ghana ní 1974. Ní 1970, ó mú ewì Léopold Sédar Senghor tó ń jẹ́ Chaka, ó fi ṣe opera fún adákọ, akọrin àti ẹgbẹ́ eléré tó pa ohun èlò òyìnbó pọ̀ mọ́ tiwa. Dùndún wà níbẹ̀, fèrè atenteben ilẹ̀ Ghana náà wà níbẹ̀. Àwọn City of Birmingham Touring Opera ló kọ ọ́ sórí CD tó jáde ní 1999, Simon Halsey ló darí wọn.

Ẹ wo ewì náà fúnra rẹ̀. Inú ìwé Éthiopiques ló ti jáde ní 1956, ọdún mẹ́rin kí Senghor tó di ààrẹ Senegal, ó sì fi í júbà àwọn tó kú ikú ìjìyà ní Gúúsù Áfíríkà. Chaka ọba Zulu, àwọn ọmọ bàbá rẹ̀ ló pa á ní 1828. Nínú ewì yìí, kò tíì kú. Ọ̀kọ̀ ló kàn án mọ́lẹ̀, ẹ̀mí ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ohùn kan tí wọ́n pè ní Ohùn Funfun sì dúró tì í, ó ń ka ẹ̀sùn sí i lẹ́sẹ̀: gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó ta sílẹ̀, títí kan ti Noliwe àyànfẹ́ rẹ̀ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa. Chaka ń dáhùn. Ohun tó wá yà mí lẹ́nu jù ni pé Senghor kò dúró de olórin kankan. Ó kọ ọ́ sókè apá kìn-ín-ní pé ìlù òkú ni kó máa dún lábẹ́ rẹ̀, ó kọ ọ́ sókè apá kejì pé ìlù ìfẹ́ ni. Akéwì ti ránṣẹ́ pe onílù kí Euba tó débẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé kì í ṣe ohùn wúwo ló ń mú orin ṣókùnkùn. Ìbéèrè ni. Ẹnì kan ń béèrè, ẹnì kan gbọ́dọ̀ dáhùn, kò sì sí ibi tí wọ́n lè sá gbà.

Èkejì tí mo gbọ́ ni Dmitri Shostakovich, ará Rọ́ṣíà. Ewì márùn-ún tí Yevgeny Yevtushenko kọ ló fi ṣe sínfóní rẹ̀ kẹtàlá ní 1962. Èyí tó ṣáájú dá lórí Babi Yar, àfonífojì kan ní Kyiv tí àwọn ọmọ ogun Jámánì ti yìnbọn pa àwọn Júù tó lé ní 33,000 láàárín ọjọ́ méjì ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1941. Orí YouTube ni mo ti gbọ́ ọ. Ó tó nǹkan bíi wákàtí kan. Dátà mi kú ní ewì kẹta, mo sáré lọ tọrọ hotspot ní yàrá kejì. Kí ni bàbá yìí ṣe? Akọrin ọkùnrin nìkan ló kó jọ, báàsì ni gbogbo wọn, kò sì pín wọn sí mẹ́rin. Ohùn kan náà ni wọ́n jọ ń kọ jálẹ̀, àfi bíi pé gbogbo ará ìlú dìde dúró níwájú adájọ́. Ọ̀kẹ́sítírà ló ń lu agogo, ló ń gbọ̀n, ló ń bú ramúramù.

Mo pa fóònù, mo bú sẹ́rìn-ín. Ìrèmọ̀jé nìyí kẹ̀! Bí ọdẹ bá kú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á sun ìrèmọ̀jé fún un. Ọ̀kan á dá, àwọn yòókù á gbè. Kò sẹ́ni tó ń fi tírébù dojú ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn bolẹ̀.

Nítorí náà mo pín iṣẹ́ fún wọn. Akọrin ń sọ̀rọ̀, ohun èlò ń ṣọ̀fọ̀. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti wúwo, ohùn kan ni gbogbo akọrin ń kọ, tàbí ohùn méjì tó jọ ń gòkè, tó jọ ń sọ̀kalẹ̀, bí àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ṣe máa ń kọrin wọn. Òkùnkùn kù sọ́wọ́ ọ̀kẹ́sítírà. Ẹ má fi ọ̀kẹ́sítírà wa ṣe yẹ̀yẹ́ o: kíbọ́ọ̀dù kan, tùrọ́ńpẹ́ẹ̀tì méjì, sàsófóònù kan, gìtá báàsì, dùndún. Kíbọ́ọ̀dù di ohùn ìsàlẹ̀ kan ṣoṣo mú láti ìbẹ̀rẹ̀ apá Ibafo dé òpin, bí ẹ́ńjìnnì tírélà tí wọn ò pa. Tùrọ́ńpẹ́ẹ̀tì méjèèjì ń fọn ohùn méjì tó fara kan ara wọn, tí kò sí bọ́tìnnì kankan láàárín wọn lórí kíbọ́ọ̀dù. Fèrè ọkọ̀ nìyẹn. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, eyín yín á kan.

Ní apá Mowe, akọrin bi ọ̀nà léèrè pé ta ló gbá a. Tùrọ́ńpẹ́ẹ̀tì nìkan ló dáhùn, ó ń dún, ó ń jìnnà, ó ń jìnnà títí a ò fi gbọ́ ọ mọ́. Ẹni tó gbá a kò dúró. Bó ṣe rí gan-an náà nìyẹn.

Ìyá kan nínú átò ti ní òun ò ní bá wa kọ ọ́, pé a kì í fi ẹnu ara ẹni pe ikú. Mi ò bá Màmá jiyàn, àgbà ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín: ikú tí a kì í pè yẹn, òun fúnra rẹ̀ mọ ọ̀nà Mowe. Ìran tó ń sun ìrèmọ̀jé, tó ní ẹkún ìyàwó, tó ní orin arò, ìgbà wo ló wá di pé ijó àti àtẹ́wọ́ nìkan la mọ̀?

Ọ̀rọ̀ onílù ló kù. Ifọ̀ ni Bàbá ti ń wá, kò mọ nóòtù kà, kò sì nílò rẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ìyáàlù pe Àṣàkẹ́." Wọ́n pè é. Wọ́n ní, "O gbọ́ ọ?" Mo ní mo gbọ́ ọ, sà. Wọ́n ní, "Àdùkẹ́ ni mo pè." Wọ́n tún un lù, bákan náà gẹ́lẹ́, wọ́n ní Àbẹ̀kẹ́ nìyẹn. Wọ́n tún un lù, wọ́n ní Àbẹ̀ní. "Ṣé o rí i, ọmọ mi, tí mo bá lù ú lásán, gbogbo wọn ló máa dáhùn. Ẹ kọ́kọ́ fi ẹnu pè é ná, kí n tó gbà á."

Ọmọ ìyá alágbàdo wà níbẹ̀. Ojú rẹ̀ ni mò ń wò, nítorí àdéhùn èmi àti ẹ̀ ni pé orúkọ yẹn kò gbọdọ̀ di ti ẹlòmíràn. Ó dákẹ́. Ó ní kí Bàbá tún un lù. Wọ́n lù ú. Ó wá ní, "Èmi ni kí n fi ẹnu pè é, lẹ́ẹ̀kan péré. Tó bá yá, kí Bàbá máa lù ú lọ." Bí ó ṣe wà lórí ìwé báyìí nìyẹn: tẹ́nọ̀ kan pe Àṣàkẹ́ láìsí ohun èlò kankan, ìyáàlù gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó lù ú nígbà ogún kí akọrin tó wọlé.

Ọ̀sán Sátidé la máa ń ṣe ìgbáradì, ní kíláàsì ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Mowe. A ṣì nílò ẹni méjì tó ní fáolìn, kódà kó jẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, ìró tó ń ha yẹn gan-an wúlò fún apá Ibafo. Ẹ rí akọ̀wé ẹgbẹ́. Owó ọkọ̀ nìkan la lè san. Ìwọ akéwì Ifọ̀ náà, jọ̀ọ́, wá rí mi: ìlà kẹfà rẹ gùn ju èémí akọrin lọ, mi ò sì fẹ́ gé e lẹ́yìn rẹ.