Àwo Oògùn Màmá

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi nílẹ̀ òkèèrè, ọmọ mi ọkùnrin, ẹni ọdún 13, ni ó là mí lójú sí òwe yìí nínú ilé wa ní Lọ́ńdọ̀nù.

Màmá mi, tí ó ń bá wa gbé, máa ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ní àràárọ̀, ṣùgbọ́n ó ti ń gbàgbé bóyá òun ti lò ó tàbí òun kò tíì lò ó. Ni ọmọ náà bá ṣe àwo roboto kan tí ó ní ojú mẹ́jọ: méje fún ọjọ́ méje, ọ̀kan ṣófo. Bí Màmá bá tẹ bọ́tìnnì, mọ́tò kékeré kan á yí àwo náà dé ojú ọjọ́ tí ó kàn. Bátìrì ni ó lò, nítorí pé bí ilẹ̀ bá ti ṣú ni Màmá ń yọ gbogbo wáyà kúrò lára ògiri, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń ṣe ní Ìbàdàn láyé NEPA, kí iná tí ó bá dé lójijì má baà ba nǹkan jẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, àwo náà gbọ̀n, ó dúró, ó sì tún yí lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tí mo wọ yàrá, oògùn ọjọ́ méjì ni mo bá ní àtẹ́lẹwọ́ Màmá. Ẹ̀rù bà mí. Mo kígbe mọ́ ọmọ náà pé kí ó kó pàǹtí rẹ̀ kúrò níwájú ìyá mi. Kò fèsì. Fún ọjọ́ mẹ́ta, "Yes, Mum" nìkan ni mò ń gbọ́ lẹ́nu ọmọ tí ó máa ń fi Yorùbá bá mi ṣàwàdà.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa bẹ àwọn ìdílé wò níbi tí òbí àti ọmọ kò ti gbọ́ ara wọn yé. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo gba ìyá kan nímọ̀ràn pé kí ó béèrè ohun tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ ṣe kí ó tó bá a wí. Èmi kò béèrè. Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, mo jókòó tì í, mo ní, "Àkànní, bí mo ṣe pariwo mọ́ ọ kò dára. Níbo ni ó ti bàjẹ́?"

Ó ṣàlàyé fún mi. Mọ́tò yìí kì í kàn yí bí ti fáànù. Ìṣísẹ̀ ni ó ń gbé, nǹkan bí 2048 kí ó tó yípo kan, 256 fún ojú kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà kékeré tí ń jẹ́ Arduino ni ó ń ka ìṣísẹ̀ náà, ṣùgbọ́n iná tí ó lè fúnni kò tó mọ́tò, nítorí náà ẹ̀yà kan tí ń jẹ́ ULN2003 wà láàárín wọn. Bátìrì onígun mẹ́rin, irú èyí tí a kọ 9V sí lára, ni ó fi bọ́ gbogbo wọn. Bátìrì bẹ́ẹ̀ dára fún ohun tí ń jẹ iná díẹ̀díẹ̀, bí ẹ̀rọ tí ń kìlọ̀ èéfín. Kò lè gbé mọ́tò. Bí mọ́tò bá ti fa iná, agbára bátìrì á já wálẹ̀, kọ̀ǹpútà á kú, á tún jí, á sì gbàgbé iye tí ó ti kà. Mọ́tò fúnra rẹ̀ kò sì mọ ibi tí ó wà.

A fi bátìrì AA mẹ́rin bọ́ mọ́tò, a fún kọ̀ǹpútà ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, a sì so ẹnu bátìrì méjèèjì tí ó ní àmì ìyọkúrò pọ̀. Ó tún ṣètò pé kí iná mọ́tò máa kú bí ó bá ti dúró, nítorí pé mọ́tò yìí ń jẹ iná bí ó tilẹ̀ dúró sójú kan. Eyín inú rẹ̀ tó láti di àwo náà mú.

Lẹ́yìn èyí, ó fi súìṣì kékeré kan sí ojú kẹjọ tí ó ṣófo. Bí kọ̀ǹpútà bá kú tí ó sì jí, kò gbọdọ̀ méfò: àwo á kọ́kọ́ padà síbẹ̀, kí ó tó ka ìṣísẹ̀ dé ọjọ́ tí ó ti kọ sínú ìrántí. Mo bi í pé kí ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Ó ní, "Ilé ni, Mọ́mì."

Màmá ti ń lo àwo náà báyìí. A gbé ìwé kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí ó ń fàmì sí ní àràárọ̀, nítorí pé a kì í fi ọ̀rọ̀ oògùn lé ẹ̀rọ nìkan lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ tí nǹkan bàjẹ́, ọmọ ni ó wo ẹ̀yìn láti mọ ohun tí ó gbé e ṣubú. Èmi àgbà ni kò wò ó. Díẹ̀ ló kù kí n da iṣẹ́ rẹ̀ sí ààtàn, bátìrì ni ó sì jẹ̀bi. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ṣìṣe, ẹ bá a padà sí ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ jọ tún un kà láti ibẹ̀.