Ta Ló Kàn?

Bí ẹ bá dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní gáréèjì ọlọ́kadà, ìbéèrè kan wà tí ẹ kò ní ṣàì gbọ́: "Ta ló kàn?" Èrò ti dé, ó fẹ́ lọ sí ọjà tàbí sí ibi iṣẹ́, wọ́n sì fẹ́ mọ ẹni tí ó kàn láti gbé e. Ní gáréèjì tí bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Ìsẹ́yìn, olúkúlùkù ló ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú ìwé ńlá kan tó wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Bí nọ́ńbà kẹrin bá ti gbéra, nọ́ńbà karùn-ún ló kàn. Ẹni tó bá gbé èrò tí kò kàn án, ìjà ló dá sílẹ̀ yẹn. Ìlànà kékeré yìí, tí ẹnikẹ́ni kì í kà sí, ni Ọlọ́run lò láti dá ẹ̀mí bàbá mi sí.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa àwọn ọlọ́kadà fúnra wọn, nítorí ojú tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wò wọ́n kò dára. Láti ara Okada Air ni orúkọ alùpùpù wọn ti wá, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tí Olóyè Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀, tí ó sì fi orúkọ ìlú rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ẹdó sọ. Bí ọkọ̀ òfuurufú ṣe ń fò kọjá lójú ọ̀run, bẹ́ẹ̀ ni alùpùpù ń kọjá nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Àpọ́nlé ni orúkọ náà nígbà náà. Lónìí, bí ọmọ kan bá ń ṣe wàdùwàdù, àgbàlagbà lè bi í pé, "Ṣé ọlọ́kadà ni ẹ́ ni?" Bí rédíò bá dárúkọ wọn, ọ̀rọ̀ ìjàǹbá ni tàbí ọ̀rọ̀ òfin. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà ọdún 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fòfin dè wọ́n pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà. Méjì nínú àwọn tó wà ní gáréèjì wa, òfin yẹn ló lé wọn wá sílé. Ó yẹ kí ìjọba dáàbò bo ẹ̀mí ará ìlú, n kò jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n mo ti rí apá kejì àwọn ènìyàn wọ̀nyí, apá tí rédíò kì í sọ.

Nọ́ńbà kẹtàdínlógún ni bàbá mi. "Sẹfintíìnì" ni gbogbo gáréèjì ń pè é, àwọn kan kò tilẹ̀ mọ orúkọ àbísọ rẹ̀. Ní ìparí ọdún 2022, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú bí ó bá jí láàárọ̀. Nígbà tó ṣe, ẹsẹ̀ rẹ̀ náà wú débi pé bàtà kò gbà á mọ́. Oúnjẹ kò wù ú, gbogbo ìgbà ni ó ń rẹ̀ ẹ́. Ó ní oòrùn ojú ọ̀nà ni, ó ń lo oògùn ara ríro, ó sì ń mu àgbo. Ní oṣù Kejì ọdún 2023, ó ṣubú lulẹ̀ ní gáréèjì kí ó tó kàn án. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé e dé ilé ìwòsàn, àwọn náà ló wá pe màmá mi. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ní kí a máa gbé e lọ sí Ìbàdàn.

Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń bá a fínra láti ọjọ́ pípẹ́, kò sì mọ̀. Ó ti ba kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì jẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo kọ́ ọ nínú Bàọ́lọ́jì pé kíndìnrín ni asẹ́ ara. Ẹ̀jẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá, ó ń sẹ́ ìdọ̀tí àti omi tó pọ̀ jù kúrò, ìyẹn ló ń di ìtọ̀. Bí asẹ́ náà bá bàjẹ́, ìdọ̀tí á máa pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, omi á máa rọ́ sínú ara títí dé ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń rọ́pò rẹ̀. Wọn yóò so ènìyàn mọ́ ẹ̀rọ náà fún bíi wákàtí mẹ́rin, ẹ̀jẹ̀ á máa jáde, ẹ̀rọ á máa fọ̀ ọ́, á sì máa padà sínú ara. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni ó yẹ. Dókítà wo ojú màmá mi, ó ní bí ó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì ni agbára wa ká, kí a ṣe é, ṣùgbọ́n kí a má dáwọ́ dúró. "Kí a má dáwọ́ dúró" yẹn ló dẹ́rù bà mí jù. Ibà a máa lọ. Ojú iṣẹ́ abẹ a máa jinná. Èyí kò ní òpin, àfi bí ènìyàn bá rí ẹni tó máa fún un ní kíndìnrín kan, tí ó sì tún rí owó iṣẹ́ abẹ rẹ̀.

₦30,000 ni a ń san nígbà kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ jẹ́ ₦60,000, a kò tíì ka owó ọkọ̀ láti Ìsẹ́yìn dé Ìbàdàn àti owó oògùn. Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ni màmá mi ń tà. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, owó àjọ rẹ̀ ti tán, ilẹ̀ kékeré tí bàbá mi rà ti lọ. Àwọn ẹbí wa ṣe tiwọn. Ẹnìkan fi ₦100,000 ránṣẹ́, òmíràn fi ₦50,000, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn títí di òní. Ṣùgbọ́n owó ńlá tí a fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo dà bí òjò àkọ́rọ̀: ó tu ilẹ̀ lára, ṣùgbọ́n òun nìkan kò lè gbé àgbàdo dé ìkórè.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, alága gáréèjì àti akápò wá sí ilé wa. Mo rò pé wọ́n wá gba nọ́ńbà bàbá mi ni, kí wọ́n lè fún ẹlòmíràn, nítorí àwọn tó ń wá àyè pọ̀. Alága mu omi tí mo gbé fún un, ó ní, "Sẹfintíìnì, a ti ṣèpàdé. A kò yọ nọ́ńbà rẹ. Bí ó bá ti kàn ọ́, yóò máa kàn ọ́."

Ètò tí wọ́n ṣe nìyí. Àwọn méjìdínlógójì ló kù nínú ìwé. Lójoojúmọ́, láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹnìkan nínú wọn yóò fi alùpùpù tirẹ̀ sílẹ̀, yóò gun ti bàbá mi. Bí wọ́n bá pe nọ́ńbà kẹtàdínlógún, òun ni yóò gbé èrò, yóò sì kó gbogbo owó ọjọ́ náà fún akápò. Lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ owó epo, ó máa ń tó ₦2,500. Ní ìrọ̀lẹ́, olúkúlùkù yóò tún dá ₦200. Mo mú ìwé ìṣirò mi, mo rò ó pọ̀: ₦45,600 láti ọwọ́ gbogbo wọn, ₦15,000 láti orí alùpùpù, ó di ₦60,600 lọ́sẹ̀ kan. Owó ẹ̀rọ ẹ̀ẹ̀mejì pé, ₦600 sì ṣẹ́kù. Mo tún un rò lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó gbà á gbọ́.

Wọn kò fi mọ sí orí owó. Kíndìnrín tó bàjẹ́ kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ tó lára, nítorí náà dókítà ní kí a wá ẹni tó máa fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ọlọ́kadà mẹ́rin ló wọ ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn. Wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mẹ́ta. Ẹnì kẹrin bínú pé wọn kò gba tòun. Ní ọjọ́ ẹ̀rọ, láti aago mẹ́rin ààbọ̀ òwúrọ̀ ni ọ̀kadà méjì ti máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà wa láti gbé bàbá àti màmá mi dé ibi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀. Òmíràn á gbé àbúrò mi lọ sí ilé ìwé. N kò gbọ́ rí kí ọ̀kan nínú wọn bèèrè owó epo.

Ìdánwò dé ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023. Ní ọjọ́ 29 oṣù náà, ààrẹ tuntun kéde pé ìjọba ti yọwọ́ owó ìrànwọ́ orí epo. Bẹntiróòlù tí wọ́n ń rà ní nǹkan bí ₦200 lítà kan fò lé ní ₦500 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ rìn. Owó tí nọ́ńbà kẹtàdínlógún ń pa já wálẹ̀ sí ₦1,000. Wọ́n pe ìpàdé, bàbá mi sì ní kí n mú òun lọ.

Ọ̀kan nínú wọn dìde. Ó ṣì ń san owó alùpùpù rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ẹni tó bá a rà á, ìyàwó rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Gbogbo wa la fẹ́ràn Sẹfintíìnì. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́ tèmi? Ìgbà wo ni èyí máa parí?" Ẹnikẹ́ni kò pariwo lé e lórí, nítorí ohun tó sọ wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ wọn. Èmi pàápàá kò lè bínú sí i.

Bàbá mi di èjìká mi mú, ó dìde. Ó ní, "Òótọ́ lo sọ. Ẹ fi igba náírà yẹn sílẹ̀. Èyí tí ẹ ti ṣe tó." Ó fẹ́ jókòó, alága ní kó dúró. Alága wá yíjú sí àwọn yòókù, ó ní, "Ta ló kàn?" Gbogbo ibẹ̀ pa rọ́rọ́. Ó ní òun kò bèèrè nípa èrò. Mélòó nínú wọn ló mọ bí ẹ̀jẹ̀ wọn ṣe rí? Ta ló lè fọwọ́ sọ̀yà pé ọkọ̀ ńlá kò ní gbá òun lọ́la? "Bí a bá yọ Sẹfintíìnì lónìí," ó ní, "a ti kọ́ ara wa bí a ó ṣe yọ ẹni tó bá kàn nìyẹn."

Níkẹyìn, wọ́n dín ₦200 kù sí ₦100, wọ́n ní ẹni tí kò bá ní kó sọ fún akápò láìtijú. Gígun alùpùpù bàbá mi kò yí padà. Wọ́n sì fi bàbá mi ṣe ẹni tí yóò máa pe nọ́ńbà ní ọjọ́ tí kò bá lọ sí Ìbàdàn, kí ó lè máa gba owó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí ó kan ọ̀gbẹ́ni tó sọ̀rọ̀ yẹn láti gun alùpùpù bàbá mi, aago mẹ́fà òwúrọ̀ kò tíì lù tó fi wá gba kọ́kọ́rọ́ nílé wa.

N kò ní purọ́ pé gbogbo nǹkan rọgbọ lẹ́yìn náà. Owó náà kò tó ẹ̀rọ ẹ̀ẹ̀mejì mọ́. Mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa dá sí i, ṣọ́ọ̀ṣì màmá mi náà dá sí i, síbẹ̀ ọ̀sẹ̀ mìíràn wà tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ni bàbá mi ń lọ. Irú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀, kì í lè fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lóru. Orí àga ni ó ń sùn. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ní oṣù Kẹsàn-án, èémí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí omi tó ń hó. Màmá mi pe alága. Kò pẹ́ tí iná alùpùpù mẹ́jọ fi mọ́lẹ̀ sí iwájú ilé wa. Wọ́n ti jí ẹnìkan tó ní mọ́tò, wọ́n sì ń tú àpò wọn síbẹ̀ nínú òkùnkùn, ₦500, ₦200, títí owó ẹ̀rọ fi pé. Kí ilẹ̀ tó mọ́, bàbá mi ti wà lórí ẹ̀rọ.

Mo mọ̀ pé ìṣọ̀kan àwọn ọlọ́kadà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí ọkọ̀ bá gbá ọ̀kan nínú wọn, wọn a ya dé bí oyin, nígbà mìíràn wọn kì í gbọ́ ẹjọ́ kí wọ́n tó dá a. Ìyẹn kò dára. Bẹ́ẹ̀ ni n kò sọ pé ₦100 ọlọ́kadà ni ó yẹ kó máa ru ẹrù àìsàn ńlá. Òfin adójútòfò ìlera tí wọ́n buwọ́ lù ní ọdún 2022 ní kí gbogbo ará Nàìjíríà wà lábẹ́ ètò náà. Wọ́n lè yọ ti òṣìṣẹ́ ìjọba nínú owó oṣù rẹ̀. Ta ni yóò yọ ti ọlọ́kadà, tàbí ti ẹni tó ń ta ẹ̀kọ? Mo rò pé ìwé gáréèjì bíi tiwa lè ran ìjọba lọ́wọ́: orúkọ wà níbẹ̀, nọ́ńbà wà níbẹ̀, àwọn ènìyàn sì ti mọ bí a ṣe ń dáwó lójoojúmọ́. Gáréèjì wa fúnra rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Lóṣooṣù báyìí, nọ́ọ̀sì kan máa ń wá wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn. Ó ti bá a lára ẹni méjì tí kò mọ̀, wọ́n sì ti ń lo oògùn.

Ẹ̀rọ ṣì ń fọ ẹ̀jẹ̀ bàbá mi, ìwé nọ́ńbà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní gáréèjì. Mo bi í nígbà kan bóyá ojú kì í tì í láti máa gba owó lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Wọn kò fún mi ní sàráà. Nọ́ńbà mi ló ń ṣiṣẹ́." Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi bá mi gbé yẹ̀wò. Bí ọmọ kíláàsì wa kan bá ń ṣàìsàn, a máa ń dáwó lẹ́ẹ̀kan, a ó gbàdúrà, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ẹlòmíràn á ti jókòó sórí àga rẹ̀. A lè fi àga náà sílẹ̀ fún un. A lè pín in láàárín ara wa, kí ẹnìkan máa kọ àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ tirẹ̀ lónìí, kí ẹlòmíràn gbà á lọ́la. Ní èdè Yorùbá, "ó kàn mí" ni à ń wí nígbà tí àsìkò wa bá tó. "Ó kàn mí" náà ni à ń wí nígbà tí ọ̀ràn ẹlòmíràn bá jẹ́ tiwa.