Ìwé Tí Ó Wù Mí Í Kà

Àwọn àgbà a máa wí pé ohun tí ó wu ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni: ológún ẹrú kú, aṣọ rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo. Ọkùnrin náà kò ṣàìlówó aṣọ; ẹrú ni ó wù ú, ẹrú ni ó sì rà. Bí ọ̀rọ̀ ìwé ti rí gan-an nìyí. Ẹ wọ yàrá akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá nínú ọgbà yunifásítì wa, kí ẹ wo ìwé tí ó wà lórí tábìlì wọn àti èyí tí ó wà lábẹ́ ìrọ̀rí wọn. Ẹ ó rí i pé ọ̀tọ̀ ni èyí tí olúkúlùkù fi ń ṣe ọ̀ṣọ́, ọ̀tọ̀ ni èyí tí ó ń gba oorun lójú rẹ̀. Nípa èyí tí ó wà lábẹ́ ìrọ̀rí ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé sọ̀rọ̀.

Bí a bá pé jọ tí ẹnìkan sì béèrè pé irú ìwé wo ni ó wu ni jù, kì í pẹ́ tí ìdáhùn wa fi ń jọ ara wọn. Ẹni yìí á ní ìtàn ìgbà ìwáṣẹ̀ ni, ẹni ọ̀hún á ní ewì ni, ẹlòmíràn á ní ìwé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ nìkan ni òun ń kà. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnìkan dìde láàárín wa kí ó wí pé ìtàn ọ̀daràn àti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni òun fi ń ṣe àìsùn. Ó dà bí ẹni pé àwa ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti pín ìwé sí ọ̀nà méjì: èyí tí a lè gbé síta kí àlejò rí i, àti èyí tí a ní láti gbé pamọ́ kí àlejò tó wọlé. Èmi kò bá wọn pín in bẹ́ẹ̀, mo sì fẹ́ ṣàlàyé ìdí rẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀ ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1938 ni D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, gbé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde. Igbó Olódùmarè àti Ìrèké Oníbùdó tẹ̀ lé e ní 1949, Ìrìnkèrindò Nínú Igbó Elégbèje ní 1954, Àdììtú Olódùmarè ní 1961. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní iwin àti ẹbọra inú àwọn ìwé wọ̀nyí ni ó dùn mọ́ àwọn. Ní tèmi, iwin kọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn iwin náà ni. Kí ọdẹ àti ẹbọra tó gbá ara wọn mú, wọn ó kọ́kọ́ dúró, wọn ó ka ìran ara wọn, wọn ó fọ́nnu, wọn ó bú ara wọn tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí Yorùbá ti í fi ẹnu jà kí ó tó fi ọwọ́ jà, ibẹ̀ ni kí ó lọ. Àwọn kan a sì máa ṣí ojú ewé ilé Ìrágbèje kọjá, nítorí pé ẹ̀kọ́ pọ̀ níbẹ̀. N kò bá wọn jà. Èmi a máa dúró níbẹ̀ títí ìjọ yóò fi túká.

Ìwé kejì tí ó wù mí ni èyí tí àwọn kan ń gbé pamọ́. Ní 1969 ni Ọládẹ̀jọ Òkédìjí tẹ Àjà Ló Lẹrù jáde. Àgbàlagbà Akàn tẹ̀ lé e ní 1971. Lápàdé, ọlọ́pàá àtijọ́, àti Tàfá Ìgìrìpá ni a ń bá kiri níbẹ̀. Kọ́lá Akínlàdé náà kò gbẹ́yìn: òun ni ó kọ Ta Ló Pa Ọmọ Ọba? àti Owó Ẹ̀jẹ̀. Nínú ìwé Fágúnwà, ewu wà nínú igbó, ẹni tí ó bá dúró sílé yóò yè é. Nínú ìwé Òkédìjí, ewu ti kúrò nínú igbó, ó ti bọ́ sí títì ọkọ̀ àti ojúlé. Ẹni tí ó ń kí ni tọ̀yàyà-tọ̀yàyà lè ní nǹkan lábẹ́ agbádá. Irú ìtàn báyìí kò jẹ́ kí òǹkàwé sùn, nítorí pé gbogbo gbólóhùn ni ó lè di ẹlẹ́rìí lọ́la. Bí a bá ní ọkùnrin kan fi ọwọ́ òsì ṣílẹ̀kùn, ó di dandan kí a rántí ọwọ́ òsì náà ní ogójì ojú ewé síwájú. N kò mọ ọ̀nà mìíràn tí ó dára ju èyí lọ láti kọ́ ọmọ ènìyàn pé kí ó máa fara balẹ̀ kàwé.

Àwọn tí kò fẹ́ràn irú ìwé yìí a máa sọ pé àṣà Òyìnbó ni, pé James Hadley Chase ni àwọn òǹkọ̀wé wa lọ jí wò. Èyí kò já mọ́ nǹkan lójú mi. Chase tí wọ́n ń wí yìí, ọmọ London ni, ní 1906 ni a bí i, Amẹ́ríkà ni ó sì fi ṣe ilé púpọ̀ nínú ìtàn rẹ̀. Ilẹ̀ tí kò mọ̀ dénú ni. Àwòrán ilẹ̀ àti ìwé atúmọ̀-èdè ni ó fi ń kọ ọ́. Bí ọmọ London bá lè jókòó sílé kí ó fi ìwé atúmọ̀-èdè kọ ìtàn olè Amẹ́ríkà, tí ọ̀dọ́ Nàìjíríà sì rà á títí ó fi gbó mọ́ wọn lọ́wọ́, ẹ̀ṣẹ̀ wo ni ọmọ Ọ̀yọ́ ṣẹ̀ tí ó fi òwe àti ẹ̀fẹ̀ ilẹ̀ baba rẹ̀ kọ ìtàn olè tí ó mọ ojú ọ̀nà ibẹ̀? Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Irú ìtàn kì í ṣe ti ẹnìkan. Ẹni tí ó bá lè mú un sọ̀rọ̀ ni ó ni ín.

Ìwé kẹta ní ìtàn nínú, mo sì ní láti mẹ́nu ba bàbá mi kí ó tó lè yé yín. Télọ̀ ni bàbá mi, ó sì mọ ìwé kà dáadáa. Nígbà tí ó di ẹni ọgọ́ta ọdún ó lé díẹ̀, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣókùnkùn, nígbà tí ó sì yá, kò ríran mọ́ rárá. Ní gbogbo ìsinmi ilé-ẹ̀kọ́, èmi ni mo ń kàwé sí i létí. Etí aránṣọ ni ó fi ń gbọ́ ọ. Bí gbólóhùn kan kò bá gún, á gbọ́wọ́ sókè, á ní, “Àjọkẹ́, okùn ti já níbẹ̀ yẹn. Padà sẹ́yìn.” Èmi á ní, “Bàbá mi, bí wọ́n ti kọ ọ́ nìyẹn o.” Òun á ní, “Ìyẹn ni pé ẹni tí ó kọ ọ́ ló já a. Máa kà á lọ.” Fágúnwà máa ń pa á lẹ́rìn-ín. Ti Lápàdé, iyàn ni ó máa ń bá mi jà lórí rẹ̀; kí n tó kà á dé ìdajì, á ti mú ẹni tí ó fura sí, á sì ní kí n fi ìka sàmì sí i.

Lọ́jọ́ kan mo mú ìtàn Sẹ̀gilọlá wálé. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ nípa lítíréṣọ̀ ti mọ̀ ọ́n: lẹ́tà ni ó jẹ́, tí ó ń jáde nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó láti 1929 sí 1930, tí a sì sọ di ìwé ní 1930. Arúgbó obìnrin kan tí àìsàn dá mọ́lẹ̀ ni ó ń ròyìn bí òun ti lo ìgbà èwe òun ní Èkó. Isaac B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn náà, ni ó kọ ọ́ ní tòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn òǹkàwé kan nígbà náà gbà pé obìnrin náà wà láàyè. Ní 2012 ni Karin Barber tún un tẹ̀ jáde pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì.

Bàbá mi kò gbọ́wọ́ sókè rárá lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo dákẹ́, ó béèrè pé ta ni ó kọ ọ́. Mo ní ọkùnrin ni, pé ó ronú rẹ̀ jọ ni. Ó ní, “Ọkùnrin náà mọ àìsàn. Ẹni tí kò tíì dùbúlẹ̀ rí kò lè mọ̀ pé òru gùn tó bẹ́ẹ̀.” Ní ọjọ́ kejì ni ó pè mí jókòó, tí ó sọ ohun tí kò sọ fún ìyá mi pàápàá: pé fún oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí ojú òun ti ń lọ, òun ṣì ń ránṣọ, ọwọ́ ni òun fi ń tọ́ ojú ìránṣọ kiri, òun kò sì jẹ́ kí ẹnìkan mọ̀, títí ọjọ́ tí òun fi sísọ́ọ̀sì gé léèsì ìyàwó kan ní ìgékúgèé. Ọjọ́ náà ni òun ti ṣọ́ọ̀bù, tí òun sọ fún ayé pé ó rẹ òun. Ọdún méje ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú rẹ̀. Obìnrin orí ìwé kan ni ó sọ tirẹ̀ ṣáájú, kí òun náà tó rí ẹnu sọ tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá wò ó. Irú ìwé wo ni ó ṣe èyí? Ìtàn inú ìwé ìròyìn ni, tí a ń ta díẹ̀díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, tí ó ń fa àwọn ènìyàn mọ́ra kí wọ́n lè ra ti ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Bí a bá ní kí a to ìwé sórí pẹpẹ gẹ́gẹ́ bí ọ̀wọ̀ tí ó tọ́ sí irú rẹ̀, ìsàlẹ̀ pátápátá ni à bá tò ó sí. Nítorí náà ni n kò fi í béèrè mọ́ pé ìtàn iwin ni tàbí ìtàn olè, ìtàn ìfẹ́ ni tàbí ìtàn ogun. Ohun tí mo ń béèrè ni pé bí a bá kà á sókè, ṣé okùn rẹ̀ kò já, ṣé ẹni inú rẹ̀ sì jẹ́ ènìyàn? Ìwé tí kò wù mí ni èyí tí òwe rẹ̀ pọ̀ ju ìtàn rẹ̀ lọ, tí àwọn ẹni inú rẹ̀ kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí a máa fi òwe kọ́ wọn lọ́rùn.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi ni kò ní gbà fún mi. Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan kò lè gbọ́ orúkọ ìwé mìíràn bí a bá ti dárúkọ Ó Le Kú tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ní 1974, tí Túndé Kèlání sì sọ di fíìmù ní 1997. Títí di òní wọ́n ṣì ń jiyàn lórí ọmọbìnrin tí ó yẹ kí Àjàní fẹ́. Èmi kì í dá sí iyàn náà, ṣùgbọ́n inú mi a máa dùn bí mo bá gbọ́ ọ, nítorí pé ìwé tí a ń tìtorí rẹ̀ jiyàn lẹ́yìn ọdún púpọ̀ kò tíì kú.

Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù ni ìwé tí ẹnìkan kò jiyàn lé lórí. Ẹ ronú sí ọ̀rọ̀ náà, kà. Òun ni a ń lò fún owó, òun náà ni a ń lò fún ìwé. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa ni ó ń ka ìwé Yorùbá bí ẹni ń ka owó: wọ́n ń ka iye ojú ewé tí ó kù kí ìdánwò tó dé. Ọjọ́ tí ìdánwò bá parí, ìwé náà di ohun tí a fi ń di ẹ̀pà. Olùtajà ìwé náà kò níí kó ju èyí tí ilé-ẹ̀kọ́ bá yàn lọ, nítorí ó mọ̀ pé kò sí ẹni tí yóò wá béèrè òmíràn. Bí a kò bá ní ìwé tí ó wù wá, tí a lè fi owó ara wa rà láìsí pé olùkọ́ ní kí a rà á, kí ni yóò mú kí òǹkọ̀wé tuntun fi òru kọ ọ́?

Nítorí náà mo bẹ ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, àti ẹ̀yin olùkọ́ wa pẹ̀lú, pé kí a jáwọ́ nínú ojú tí ń tì wá. Kí olúkúlùkù kọ orúkọ ìwé Yorùbá kan tí ó wù ú dénú, kì í ṣe èyí tí ó yẹ kí ó wù ú, kí ó sì kọ ìdí rẹ̀ ní ìlà mẹ́wàá, kí ìwé ìròyìn wa yìí máa tẹ̀ ẹ́ lọ́dọọdún. Mo ti kọ tèmi. Ẹni tí ó bá ní Lápàdé kò tó nǹkan, kí ó mú ẹni tí ó jù ú lọ wá kí a jọ kà á.