Owó Késárì tí Bùrọ̀dá mi rà ní Lọ́ńdọ̀nù

Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti ń bọ̀, níbi tí mo ti lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi tó ń wa bọ́ọ̀sì. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òtútù ni mo fẹ́ sọ. Ọ̀rọ̀ owó onírin kékeré kan ni, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájà sílẹ̀ láàárín tọkọtaya.

Bùrọ̀dá mi ló ra owó náà ní ọjà ọjọ́ Sọ́ńdè. Ẹni tó tà á búra pé owó Julius Caesar gan-an ni, Késárì tí a ń gbọ́ orúkọ rẹ̀. £80 ni bùrọ̀dá san. Ó ní òun á tà á ní £3,000, òun á sì fi parí òrùlé ilé Bàbá wa nílé. Ìyàwó rẹ̀ ní, “Dádì Ṣọlá, owó oúnjẹ ọmọ lẹ kó fún gbájúẹ̀ yẹn!” Ilé gbóná. Mo ní, “Bùrọ̀dá, ẹ gbé e fún mi, n ó lọ wádìí rẹ̀ wá.”

Bí mo ṣe gba British Museum lọ nìyẹn, ní òpópónà Great Russell. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń wọ ibẹ̀. Ẹ má tíì bi mí nípa àwọn nǹkan tiwa tó wà níbẹ̀, ìyẹn di ọjọ́ mìíràn. Yàrá 68, yàrá owó, ni mo lọ tààrà. Tábìlì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti máa ń jẹ́ kí àlejò fọwọ́ kan owó àtijọ́. Ìyá òyìnbó kan tó lójú àánú ló jókòó tì í. Ó ní àwọn kì í dá iye lé owó fún èèyàn, ṣùgbọ́n òun á kọ́ mi bí mo ṣe lè fojú ara mi kà á.

Ó ní irin rẹ̀ ni kí n kọ́kọ́ wò. Wúrà ni àwọn ará Róòmù fi ń rọ aureus, fàdákà ni denarius, idẹ àti bàbà ni ọ̀pọ̀ nínú èyí tó kù. Denarius 25 ló ń wọ aureus kan. Ti bùrọ̀dá, bàbà ni. Ọkàn mi já.

Ó ní kí n wo etí rẹ̀. Bí ìlà bá yí etí owó po bí ìgbà tí wọ́n lẹ nǹkan méjì pọ̀, tàbí tí ihò wínniwínni kún ojú rẹ̀, kí èèyàn fura: ó lè jẹ́ pé wọ́n yọ́ irin dà á sínú mọ́ọ̀dù ni. Òòlù ni àwọn ará Róòmù fi ń lu àwòrán sára owó tiwọn. Ti bùrọ̀dá kò nílà, kò níhò. Ara mi tún yá gágá.

Ó kan orí tó wà lára rẹ̀. Adé ewé ni ọ̀pọ̀ ọba dé. Bó bá jẹ́ adé onítànṣán bí oòrùn, ó sábà máa ń jẹ́ owó ìlọ́po méjì. Lẹ́tà ló yí orí náà ká, apá òsì la ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, V ni wọ́n sì ń kọ dípò U. Mo gbé awò tí í sọ kékeré di ńlá, mo ń kà bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi: C-R-I-S-P-V-S. Àárín ti pa rẹ́. Níparí: C-A-E-S. Mo pariwo, “Mà, Caesar rèé!”

Màmá ní rárá o, oyè ni Caesar ti dà nígbà náà. Ẹni tí wọ́n bá ń retí pé yóò jọba ni wọ́n ń fi jẹ, bí àrẹ̀mọ láàfin tiwa. Crispus ni ọmọ ọba Constantine. Ó joyè náà ní 317. Ní 326, bàbá tó bí i lọ́mọ ló pàṣẹ kí wọ́n pa á. Mo yí owó náà padà. BEATA TRANQVILLITAS ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ìyẹn àlàáfíà aláyọ̀. Ẹ ò rí ayé!

Nísàlẹ̀ pátá ni mo rí PLON. Àmì ìlú tí wọ́n ti rọ owó nìyẹn. PTR ni ti Trier ní Jámánì. LON yìí ńkọ́? Londinium, Lọ́ńdọ̀nù yìí kan náà! Nǹkan bí 325 sì ni wọ́n ti ibi ìrọwó ibẹ̀ pa. Owó bùrọ̀dá ti tó 1,700 ọdún nìyẹn. Bí èèyàn bá ti mọ gbogbo èyí, ó lè wá nọ́ńbà rẹ̀ nínú ìwé ńlá Roman Imperial Coinage, tí apá kìíní rẹ̀ jáde ní 1923.

Mo sọdá sí ìsọ̀ olówó àtijọ́ kan. Irú rẹ̀ wà lójú fèrèsé: £25.

Nígbà tí mo ròyìn délé, bùrọ̀dá kò fọhùn. Ìyàwó rẹ̀ ló rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ó kúkú jẹ́ ojúlówó.” Bùrọ̀dá wá ní òun ò tà á mọ́, ọmọ Lọ́ńdọ̀nù bíi Ṣọlá ni. Ṣùgbọ́n òrùlé Bàbá ṣì ń retí wa.

Ẹ̀yin èèyàn mi, owó náà kò purọ́, ẹni tó tà á ló purọ́. Ẹ ka ohun tó wà lára ọjà kí ẹ tó gba ohun tó wà lẹ́nu ọlọ́jà. Ẹni tí irú rẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ sí, ẹ kọ̀wé sí wa.