Ohun Tí Wọn Kò Kọ Sílẹ̀ Nípa Bàbá Mi

Ọdún 2014 ni wọ́n kọ́kọ́ yọ ẹ̀jẹ̀ mi fún àyẹ̀wò PSA tí wọ́n fi ń wá jẹjẹrẹ próstéètì, nígbà tí ìjọ kan ṣètò ìtọ́jú ọ̀fẹ́ ní Adó-Èkìtì. Ẹni ọdún 58 ni mí nígbà náà. Èsì dé, ó lé ní 6. Wọ́n ní bó bá ti kọjá 4, ó yẹ kí èèyàn wádìí sí i. Àyà mi já. Ó pẹ́ kí n tó lè sọ ọ́ fún ìyá àwọn ọmọ mi, nítorí ní Ìmẹ̀sí-Lásìgìdì wa níbí, bí ọkùnrin bá ní nǹkan ń ṣe òun nísàlẹ̀, ohun tí ayé kọ́kọ́ máa ń rò ni pé kò lè ṣe ojúṣe ọkọ mọ́.

Àkọ́bí mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Amẹ́ríkà, ni mo kọ́kọ́ pè. Ó ní, “Bàbá mi, ta ló ní kí ẹ lọ ṣe é? Wọ́n ti ní ká má ṣe é mọ́.” Òótọ́ ló sọ. Ní 2012, ìgbìmọ̀ tó ń tọ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà sọ́nà lórí àyẹ̀wò ti ní kí ọkùnrin tí nǹkan kan kò ṣe má ṣe PSA rárá. Ní 2018, wọ́n yí i: kí ẹni ọdún 55 sí 69 bá dókítà rẹ̀ jíròrò, kó sì pinnu fúnra rẹ̀. Nígbà tó di 2024, àjọ Prostate Cancer Foundation ní kí ọkùnrin adúláwọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ láàárín ọdún 40 sí 45. Ẹni tí kò bá mọ ìdí ọ̀rọ̀ yóò ní wọ́n kàn ń fi èèyàn ṣeré ni.

Dókítà kan ní Adó ló fara balẹ̀ là mí lọ́yẹ̀. Próstéètì ló ń tú PSA sínú ẹ̀jẹ̀. Jẹjẹrẹ lè gbé e ga, ṣùgbọ́n bí próstéètì ṣe máa ń tóbi sí i bí àgbà bá ń dé náà lè gbé e ga. Jẹjẹrẹ ọ̀hún pàápàá, òmíràn wà tó ń rìn bí ìgbín, tí ẹni tó ní i yóò dàgbà darúgbó, tí ikú mìíràn ni yóò pa á. Bí wọ́n bá sáré gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ sórí tábìlì iṣẹ́ abẹ, ó lè má lè mú ìtọ̀ dúró mọ́, nǹkan ọkùnrin rẹ̀ sì lè kú. Ìyẹn ló ba ìgbìmọ̀ náà lẹ́rù ní 2012.

Ìwádìí ńlá méjì ni wọ́n gbé lé orí òṣùwọ̀n, ọdún 2009 sì ni àwọn méjèèjì jáde. Ti Yúróòpù sọ pé àyẹ̀wò dín ikú jẹjẹrẹ yìí kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún. Ti Amẹ́ríkà ní kò dín in kù rárá. Lẹ́yìn náà ni ó hàn pé ọ̀pọ̀ àwọn tí wọn kò pè fún àyẹ̀wò ní Amẹ́ríkà ti lọ ṣe é fúnra wọn, tó fi jẹ́ pé ẹni tó ṣàyẹ̀wò ni wọ́n ń fi wé ẹni tó ṣàyẹ̀wò. Àwọn dókítà náà sì ti wá ń kọ́ láti ṣọ́ jẹjẹrẹ kékeré dípò kí wọ́n sáré gé e, nítorí náà ewu tó wà nínú àyẹ̀wò fúyẹ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Bí ìmọ̀ràn ṣe yí padà nìyẹn.

Wọ́n fi abẹ́rẹ́ gé ẹran díẹ̀ lára próstéètì tèmi wò. Wọ́n ní kí n fẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀, kí n ká orúnkún mọ́ àyà. Abẹ́rẹ́ náà ń dún pá, pá, dókítà ń kà á sókè, èmi ń di etí bẹ́ẹ̀dì mú. Ìtọ̀ mi pọ́n fún ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Jẹjẹrẹ ni, ṣùgbọ́n ó kéré, Gleason 6 lórí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bó ṣe le tó. Dókítà ní, “Bàbá, a ò ní fọwọ́ kàn án. A ó máa ṣọ́ ọ ni.” Kò rọrùn kí èèyàn mọ̀ pé jẹjẹrẹ wà lára òun, kó sì jókòó jẹ iyán.

Ní 2023, ìwádìí ProtecT láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jáde: ọkùnrin 1,643, lẹ́yìn ọdún 15, nǹkan bí 97 nínú 100 ni jẹjẹrẹ yìí kò pa, ìbáà ṣe pé wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn, wọ́n fi iná ìtànṣán wò wọ́n, tàbí wọ́n kàn ń ṣọ́ wọn. Inú mi dùn. Àfi ìgbà tí ọmọ mi sọ fún mi pé adúláwọ̀ inú wọn kò ju bíi 1 nínú 100 lọ. Nínú ti Amẹ́ríkà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, bíi 4 nínú 100 ni. Bẹ́ẹ̀, ní Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin adúláwọ̀ 1 nínú 4 ni yóò ní in láyé rẹ̀, nígbà tó jẹ́ 1 nínú 8 fún gbogbo ọkùnrin lápapọ̀. Ìwádìí tuntun tí wọ́n ń pè ní TRANSFORM ti pinnu pé, ó kéré tán, 1 nínú 10 àwọn tí wọn yóò pè gbọ́dọ̀ jẹ́ adúláwọ̀. Mo gbàdúrà kí n rí èsì rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí jù kò sí nínú ìwé ìwádìí kankan. Ọ̀pọ̀ ìlànà àyẹ̀wò ló ní kí ẹni tí bàbá rẹ̀ tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ bá ní i tètè bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò. Dókítà bi mí, n kò rí nǹkan sọ. Ní 1987 ni bàbá mi kú. Ẹ̀yìn ń ro ó, wọ́n ní làkúrègbé ni. Èmi ni mo máa ń fi òrí pa á lẹ́yìn lálaalẹ́, ó máa ń ní kí n tẹ̀ ẹ́ dáadáa ní ìbàdí. Ìtọ̀ ń kán tó-tó-tó, a ní ọjọ́ ogbó ni. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ kò gbé e mọ́. N kò lè búra pé jẹjẹrẹ ni, kò sì sẹ́ni tó lè búra pé kì í ṣe òun. Báwo ni ọmọ irú wa yóò ṣe mọ̀ pé ó yẹ kóun tètè bẹ̀rẹ̀?

Nígbà ìpàdé ẹbí wa lẹ́yìn Kérésì, mo dìde, mo sọ ohun tó ń ṣe mí lójú gbogbo wọn. Àwọn kan dorí kodò. Àbúrò bàbá mi kan tó ti lé ní 80 ló fọhùn: “Bàbá tó bí wa náà, kò lè tọ̀ kó tó kú.” Ìgbà náà ni ẹnu tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Mo ní kí àbúrò mi obìnrin máa kọ ọ́ sínú ìwé: orúkọ olóògbé, ibi tó ń dùn ún, bí ìtọ̀ ṣe ń ṣe é, ọjọ́ orí tó kú. Kò sí àrùn tí ìwé yẹn lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí èèyàn dákẹ́ níwájú dókítà lọ.

Àbúrò mi ọkùnrin, ẹni ọdún 49, ti gbà láti lọ yọ ẹ̀jẹ̀. Mo ní kó má bá ìyàwó rẹ̀ sùn ní ọjọ́ méjì ṣáájú, kó má gun kẹ̀kẹ́ lọ síbẹ̀, kó sì sọ fún wọn bí ìtọ̀ bá ń ta á, torí gbogbo ìwọ̀nyí lè gbé èsì ga lásán. Kó tó na apá fún wọn, kó bi dókítà léèrè ohun tó kàn bí èsì bá ga, ibi tí wọ́n ti ń ṣe é, àti iye tí yóò ná an.